Lékè Lóun Ò Ṣẹjọ́ Mọ́

Ẹ lè pè é nírọ́ bó bá wù yín. Èmi mọ Oyíndà, mo mọ ilé rẹ̀ ní Laurelton, n kò sì bá irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì ni Oyíndà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní New York. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n gbé Lékè, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n kan, wá bá a láti ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní ó yọ̀ ṣubú ni. Ta ló ń yọ̀ ṣubú tí àmì bàtà wà lẹ́yìn rẹ̀? Ọmọ náà fi Yorùbá dárúkọ àwọn wọ́dà tó lù ú. Lójú ẹsẹ̀, Oyíndà pe lọ́yà ìjọba tó ń gbé ọ̀daràn lọ sí kóòtù. Ó pe ìyá Lékè náà ní Mariners Harbor, ó sì ṣèlérí fún un pé àwọn tó lu ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́jọ́.

Kílẹ̀ tó ṣú, Lékè kú.

Òun àti Oyíndà nìkan ló kù ní yàrá ìtọ́jú. Oyíndà fi báńdéèjì di àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè pa dé. Nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá pa ọmọ ẹni, a kì í ní kó sinmi. Ńṣe là ń sọ fún òkú pé kó dìde, kó gbẹ̀san ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Oyíndà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Lékè, fi ìjà fún Ọlọ́run jà."

Ó ní ìpéǹpéjú òkú náà mì.

Ní Mọ́ńdè, ó lọ bá Lisandra, lọ́yà ìjọba náà, ní ọ́fíìsì.

"Ẹjọ́ yẹn ti parí," ni Lisandra wí. "Ó ti wá fúnra rẹ̀."

"Ta ni?"

"Lékè. Láàárọ̀ yìí. Àga tí ẹ jókòó sí yẹn ló jókòó sí. Ó lóun ò ṣẹjọ́ mọ́, pé òun ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ó ti kú, Mà."

"Mo pe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní àwọn ti tú u sílẹ̀." Lisandra rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé eyín ń dùn ún ni? Báńdéèjì wà lágbọ̀n rẹ̀. Kò la ẹnu rárá, àmọ́ mo ń gbọ́ ọ."

Ẹ̀rù nìkan kọ́ ló mú Oyíndà, ìbànújẹ́ náà ni. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló tú àwọn apànìyàn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ẹjọ́ náà tì. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un."

Lisandra wò ó bí ẹni wo aláìsàn, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìta ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Lékè ni, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

"Nọ́ọ̀sì mi, Ọlọ́run á bù kún yín! Lékè ti wọlé!"

"Màmá, níbo ló wà báyìí?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì mi. Ara rẹ̀ ló tutù. Mo ti tan hítà, mo ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kò gbóná. Kò jẹun, kò mumi." Ayọ̀ ohùn ìyá náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ tọ́jú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe fún ọmọ mi?"

Oyíndà tẹ fóònù mọ́ etí. Ìyá náà ń dúró. Nínú fóònù náà, Oyíndà ń gbọ́ èémí. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni, ti ìyá náà.