Nígbà Tí Tamari Lóun Ò Lọ Mọ́

Ọjọ́ tí Enọsi kọ́kọ́ rí Tamari, ẹkún ló ń sun, ó sì ń na màlúù. Etí odò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n wà, lójú ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Kẹ̀kẹ́-ẹrù bàbá Tamari ti rì sínú iyanrìn, bàbá fúnra rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ àìsàn nínú rẹ̀.

"Arábìnrin," ni Enọsi wí, "màlúù yìí ò gbọ́ èdè ẹ̀yin ahunṣọ Lankaṣáyà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ará Mìsúrì ní Amẹ́ríkà níbí ni."

"Tí ìwọ bá gbọ́ tiẹ̀, bá a sọ̀rọ̀ kí n rí i."

Enọsi bọ́ bàtà, ó wọnú omi, ó fi èjìká ti kẹ̀kẹ́ náà. Kí wọ́n tó dé òdìkejì, ẹrẹ̀ ti bo àwọn méjèèjì, Tamari sì ń rẹ́rìn-ín láàárín omijé. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Enọsi lọ́kàn lọ́jọ́ náà, kò sì fi bò.

Bàbá Tamari kú lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó rí òkè ibi tí wọ́n ń lọ. Enọsi ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí àfonífojì àwọn Ẹni Mímọ́, bí àwọn ọmọ ìjọ wọn ṣe ń pe ara wọn, tí Enọsi ní òun fẹ́ gbé e níyàwó, Dọ́káàsì ìyá Enọsi wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀.

"Apá rẹ̀ ò ju igi ìdáná lọ. Ta ni yóò máa pọn omi?"

"Èmi ni màá máa pọn ọ́n, Màmá," ni Enọsi dáhùn.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ ìlú dó, ẹsẹ̀ wọn kì í sinmi. Bí wọ́n ṣe bo òrùlé ilé àkọ́kọ́ tán ni ìjọ ní kí wọ́n lọ sí àríwá. Wọ́n kọ́ ilé kejì níbẹ̀, eéṣú jẹ ọkà wọn, wọ́n sì sin Rúùtù, ọmọ wọn àkọ́kọ́, lọ́mọ oṣù mẹ́wàá. Wọ́n tún ní kí wọ́n ṣí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Tamari fi po ẹrẹ̀ ilé kẹta. Ó gbin ápù sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ló bí Samuẹli sí, ibẹ̀ náà ni ibà ti gbé e lọ lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n sin ín sí.

Àárẹ̀ tó wà lára Tamari nígbà yẹn kì í ṣe èyí tí oorun ń wò sàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bíṣọ́ọ̀bù ka orúkọ àwọn ìdílé tí yóò lọ gbin òwú ní aṣálẹ̀ gúúsù. Ó ka ti Enọsi. Enọsi dìde.

"A máa lọ," ó ní. Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí.

Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, Tamari ní, "Èmi ò lọ."

"Ó rẹ gbogbo wa, Tamari."

"Mi ò sọ pé ó rẹ̀ mí. Mo ní mi ò lọ."

Enọsi kò béèrè ìdí. Tamari náà kò sọ.

Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n ń sọ nídìí omi. Dọ́káàsì kò tilẹ̀ sọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí oúnjẹ ló ti sọ ọ́, níwájú Tamari.

"Enọsi, ọmọbìnrin Láásìnì aládùúgbò wa yẹn ti pé ogún ọdún, egungun rẹ̀ sì le. Ìyàwó tí kò bá lè lọ, kó jẹ́ kí èyí tó lè lọ bá ọ lọ. Ìyàwó kejì kì í ṣe èèwọ̀ láàárín wa."

Tamari gbé àwo rẹ̀, ó lọ ń fọ̀ ọ́. Owú jẹ ẹ́ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló fọ àwo kan ṣoṣo náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ n jẹun," ni Enọsi wí. "Ìyàwó kan ni mo ní. Tí kò bá lọ, màá dá lọ."

Ó sì dá lọ, nígbà tí igi ń wọ́wé. Tamari yan búrẹ́dì ọ̀nà fún un, ó dì í sáṣọ, ṣùgbọ́n kò jáde nígbà tí màlúù ń lọ. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú sì ń bí i sí i, méjèèjì ló sì ń tán an lókun.

Òun àti Dọ́káàsì wá ń gbé bí orogún inú ilé kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ wá a títí. Ó bá a lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó ń fi ọwọ́ lásán gbọ́n yìnyín kúrò lórí òkúta Samuẹli.

"Ojoojúmọ́ lo ń ṣe èyí?"

"Ojoojúmọ́ ni. Rúùtù wà ní àríwá, Màmá. Bóyá wọ́n ti gbin ọkà lé e lórí, mi ò mọ̀. Bàbá mi wà lójú ọ̀nà, àìmọye kẹ̀kẹ́ ló ti gun orí rẹ̀ kọjá. Èyí nìkan ni mo mọ ibi tó wà."

Ìyá rọra kúnlẹ̀, ó bá a gbọ́n yìnyín.

"O sọ fún Enọsi?"

"Kò bi mí."

"Òmùgọ̀ ni. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n agídí tìẹ náà kì í ṣe kékeré."

Nígbà tí ápù yọ òdòdó, Enọsi dé. Ó ti rù, ibà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ní gúúsù, ẹ̀ẹ̀mejì ni odò ti wó ògiri tí wọ́n fi sé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ bí àlejò.

"Mo wá bi ọ́ ní nǹkan, Tamari. Mo ti rò ó fún oṣù mẹ́fà. Ṣé èmi ni mo sú ọ?"

"Kì í ṣe ìwọ, àyànfẹ́ mi."

Ó wá sọ ti òkúta Samuẹli fún un. Enọsi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún bí ọmọdé.

"Èmi ni mo kan pósí ọmọ náà," ó ní. "Mi ò sì rò ó. Tó o bá ní ká dúró, màá sọ fún bíṣọ́ọ̀bù lónìí. Kí wọ́n pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n."

Tamari mọ bí ìtìjú náà yóò ti pọ̀ tó fún un, ọkùnrin tí kì í yẹ ohùn. Kó tó dáhùn, Dọ́káàsì sọ̀rọ̀ láti ìdí iná.

"Ẹsẹ̀ mi ò lè dé gúúsù. Ibí ni màá kú sí. Títí dìgbà náà, èmi ni màá máa gbọ́n yìnyín yẹn. Tí mo bá sì kú, kí wọ́n sin mí tì í. Ọmọ náà ò ní dá wà."

Tamari di ọwọ́ ìyá mú.

Ọjọ́ kẹta ló tó dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. "A máa lọ, tá a bá kórè ápù tán. Ìwọ ni wàá kọ́ ilé náà. Mi ò po ẹrẹ̀ mọ́ láyé mi."

"Mo gbà."

"Kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá."

"Mo gbà, olólùfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, Tamari dùbúlẹ̀ lórí àpò ápù gbígbẹ nínú kẹ̀kẹ́. Kí oòrùn tó kanrí, ó ti sùn lọ. Enọsi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù, ó ń yẹra fún òkúta. Nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní kó yára, ó ní, "Ẹ máa lọ. A ó bá yín." Kẹ̀kẹ́ wọn ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku wọn rọlẹ̀, Tamari kò sì jí.