Ohun Tí Sẹ́ẹ̀lì Náà Dì Mú

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi í sílẹ̀ síbi tó ti bá a. Mi ò ní bá a jà. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè. Ọmọ rẹ̀ náà ṣì wà láàyè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Iṣẹ́ títọ́ sẹ́ẹ̀lì ara ni obìnrin yìí ń ṣe, ní yàrá ìwádìí kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí sẹ́ẹ̀lì kì í kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Á dà wọ́n sínú àwo gíláàsì pẹlẹbẹ, á gbé wọn sínú àpótí olóoru, àpótí náà á sì máa kùn hùnnn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin nìyí: "Sẹ́ẹ̀lì ní ọwọ́, ọmọ mi. Ọwọ́ tíntìntín, káàkiri ara rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yẹn bá dì mú, òun ló fi ń ránṣẹ́ sí yàrá inú, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa dà. Tó bá di ibi líle mú, yàrá inú lè ní kó di eegun. Tó bá jẹ́ ibi rírọ̀, ó lè di ọ̀rá."

"Tí kò bá wá rí nǹkan kan dì mú ńkọ́?"

"Á kú ni."

Eegun ojúgun ọmọ yìí ló ń ṣàìsàn. Dókítà ti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Àlàfo ló kù níbẹ̀. Wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ látinú mùdùnmúdùn ìbàdí ọmọ náà, kò ju àwo kan lọ, kí ìyá rẹ̀ tọ́ ọ di eegun tí wọ́n máa fi dí àlàfo yẹn. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ gígé ló kù. Ọmọ náà sì ti gba ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì kan tó jìnnà gan-an. Ó ti di àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ẹ ṣáà bá mi ṣe é. Mo fẹ́ lọ." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ló sì ń dun ìyá rẹ̀.

Kí wọ́n tó da sẹ́ẹ̀lì sínú àwo, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àtè kan ra ìsàlẹ̀ àwo náà, kí àwọn ọwọ́ yẹn lè rí nǹkan dì mú. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó da sẹ́ẹ̀lì ọmọ rẹ̀ sínú àwo, ní ọ̀sán gangan, ó ṣí fìríìjì, ó rí ìgò àtè. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i. Ó ti gbàgbé láti fi ra àwo ọmọ rẹ̀.

"Mo gbé! Mo ti ba ẹsẹ̀ ọmọ mi jẹ́!"

Ó sáré gbé àwo náà sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà ló ń léfòó. Àwọn mìíràn ti ń kú.

Kò mọ ìgbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sábẹ́ àwo náà, ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dì mí mú. Ẹ má fi mí sílẹ̀. Ẹ má lọ."

Àpótí olóoru dákẹ́. Yàrá pa lọ́lọ́. Nǹkan kan tẹ ọwọ́ rẹ̀ padà látinú gíláàsì, fẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà tó tún wo abẹ́ awò, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo. Wọ́n tò bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe rí. Àpótí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn padà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà, tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni, ṣé ẹ máa sọ?

Sẹ́ẹ̀lì náà le, ó di eegun. Dókítà fi dí àlàfo, ó sì lẹ̀ mọ́ eegun tó kù. Ọmọ dìde, ó rìn. Ìyá jó títí wọ́n fi ní kó rọra, pé ilé ìwòsàn ni.

Nínú ilé, ẹsẹ̀ náà dára. Ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ dá jáde, ẹsẹ̀ dúró.

"Kò dùn mí, màámi. Ó kàn dúró ni. Bíi pé èèyàn dì í mú látinú."

Ìyá rẹ̀ rìn bá a, ẹsẹ̀ gbéra. Wọ́n dán an wò títí ó fi sú wọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ìyá rẹ̀, kò lé ẹyọ kan.

Dókítà ya àwòrán eegun náà. Ó wò ó pẹ́. Òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, ó sì yára gbé e kúrò.

"Ẹ ò fọwọ́ lásán kan àwo yẹn, àbí?"

"Rárá o, dókítà."

"Mi ò lè yọ ọ́ mọ́. Ó ti di ara rẹ̀."

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Ìyá ní òun á bá a lọ. Ọmọ ní, "Títí dìgbà wo, màámi?" Ó dágbére, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá dé géètì. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ dúró. Mọ́tò wà níwájú rẹ̀, àpótí rẹ̀ ti wà nínú búùtù.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà ilé, ìyá rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè kó lè rí i. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò dì ọ́ mú, ọmọ mi. Wò ó. Mi ò dì ọ́ mú."

Ọmọ wo ọwọ́ náà. Ti ọ̀tún ń dán. Kò sí ìlà àtẹ́lẹwọ́ kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló wá dì mí mú?"

Awakọ̀ fọn fèrè. Ẹsẹ̀ náà yí padà fúnra rẹ̀, ó kọjú sílé.