Ẹ Fi Orí Mi Sílẹ̀!

Ata Wẹ́wẹ́ jí láàárọ̀. Kò tíì fọ ẹnu, inú ti ń bí i.

Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Ó ní ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ó ń ta.

Àbúrò rẹ̀ tuntun ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Fíìì, fíìì. Gbogbo ará ilé yí i ká.

"Ẹ wo ojú ọmọ!" ni Màmá Àgbà wí. "Ó jọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bí ìbejì!"

"Níbo ló ti jọ mí?" ni Ata Wẹ́wẹ́ béèrè.

"Níbí!" ni Màmá Àgbà wí.

"Àti níbí!" ni màmá rẹ̀ wí.

Níbí wo? Ata Wẹ́wẹ́ kò rí níbí kankan. Tó bá ti wo nǹkan tààrà, ṣe ni àbàwọ́n kan máa ń bò ó. Bó ti wù kó nu ojú tó, àbàwọ́n náà kì í lọ.

Ṣùgbọ́n Ata Wẹ́wẹ́ ti dá ọgbọ́n kan. Tó bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àbàwọ́n náà á sún kúrò lọ́nà. Á wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí díẹ̀.

Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ rí ojú àbúrò rẹ̀.

Kíì! Ọwọ́ Màmá Àgbà dé. Ó yí orí Ata Wẹ́wẹ́ padà síwájú.

"Wo iwájú, ọmọ mi."

Àbàwọ́n bo àbúrò rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ fi orí mi sílẹ̀!"

"Háà! Ọmọ yìí mà lẹ́nu o," ni Màmá Àgbà wí.

Ní ilé ìwé, wọ́n ṣí ìwé aláwòrán. Ata Wẹ́wẹ́ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kíì! Ọwọ́ tíṣà dé.

"Iwájú ẹ ni ìwé wà. Jókòó dáadáa."

"Ẹ fi orí mi sílẹ̀!"

Wọ́n ní kó lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tó ń lọ sílé, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí títì. Obìnrin kan ń kọjá lọ. Kò mọ̀ ọ́n rí.

Kíì! Ọwọ́ obìnrin náà dé.

"Ọmọdé kì í gbé ọrùn báyẹn."

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí! Ṣé ọwọ́ ilẹ̀kùn ni orí ọmọ ọlọ́mọ?

"Ẹ FI ORÍ MI SÍLẸ̀!"

Gbì! Gbì! Gbì! Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ títí tó fi délé.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ojú. Obìnrin yìí ló máa ń wá awò tó bá ojú oníkálukú mu.

Awò kún yàrá rẹ̀. Àwọn kan tóbi. Àwọn kan ní iná. Àwọn kan ní ọwọ́ bíi ṣíbí.

"Kí ni ọmọ fẹ́ máa rí?" Bàbá ni Dókítà Ojú bi.

"Ìwé," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Pátákó ilé ìwé náà."

Ata Wẹ́wẹ́ la ẹnu. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Kíì! Ọwọ́ Dókítà Ojú dé. Ó di orí rẹ̀ mú, ó sì gbé awò kan síwájú rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Rárá."

Kán-ín! Ó gbé òmíràn.

"Yìí ńkọ́?"

"Rárá!"

Kán-ín! Kán-ín! Rárá! Rárá!

Dókítà Ojú mí kanlẹ̀. "Bàbá, bóyá ni a ní awò tó máa bá a mu."

Bàbá wolẹ̀.

Kò sí awò kẹ̀? Ṣé kò ní rí ojú àbúrò rẹ̀ láéláé nìyẹn? Ọkàn Ata Wẹ́wẹ́ bà jẹ́. Lẹ́yìn náà, inú bí i gidi.

GBÌ!

"Awò kọ́ ni! Ọwọ́ yín ni! Mi ò ríran níwájú! Ibí ni mo ti ń ríran!" Ó nàka sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. "Dádì lẹ bi! Ẹ ò bi mí!"



Dókítà Ojú gbé ọwọ́ kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú Ata Wẹ́wẹ́.

"Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí," ni ó wí. "Olórí wà níbí, mi ò bi í. Má bínú, ọmọ mi. Kí ni ìwọ fẹ́ rí?"

"Ojú àbúrò mi."

"Ó dáa. Fi bí o ṣe ń wò ó hàn mí."

Ata Wẹ́wẹ́ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ kankan kò dé.

Dókítà Ojú mú awò kan tó ní ọwọ́ bíi ṣíbí. Kò gbé orí lọ bá awò. Awò ló gbé wá bá orí.

"Bọ́tìnnì Dádì!" ni Ata Wẹ́wẹ́ pariwo. "Ó ti fọ́! Dádì, ẹ ò sì fá àgbọ̀n yín dáadáa!"

Bàbá fọwọ́ pa àgbọ̀n. Òótọ́ ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n délé. Àbúrò ṣì ń sùn. Fíìì, fíìì.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí orí ọmọ yìí mọ́," ni Bàbá wí. "Báyẹn ló ṣe ń ríran."

Ata Wẹ́wẹ́ gbé awò tí Dókítà Ojú fún un. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ Màmá Àgbà gbéra. Ó ti mọ́ ọn lára! Màmá Àgbà yára mú ọwọ́ náà, ó sì jókòó lé e.

Ata Wẹ́wẹ́ wo àbúrò rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún wò ó.

Àbúrò rẹ̀ fa ojú ro. Iwájú orí rẹ̀ hun jọ. Ó yọ ẹnu síta ṣùtì.

"Ó ń bínú!" ni Ata Wẹ́wẹ́ wí. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. Tirẹ̀ náà hun jọ. "Ó jọ mí! Ó jọ mí lóòótọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín.

Àbúrò gbọ́ ariwo. Ó rọra yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ìrọ̀rí.

Ọwọ́ kejì Màmá Àgbà bá gbéra. Ó ń lọ síbi orí àbúrò.

"MÀMÁ ÀGBÀ! Ẹ fi orí ẹ̀ sílẹ̀!"

Màmá Àgbà sì jókòó lé ìyẹn náà.