Ìkíni Tó Ń Gbé Èèyàn Lọ

Ìyá Ìbejì ń dirun fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá gbé e. Kò jalè, kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìdajì orí ọmọ náà ti di ṣùkú, ìdajì kejì ṣì dúró ṣánṣán bí koríko, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ onírin méjì wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọwọ́ tútù gbá a mú lápá, wọ́n sì fi ohùn dídùn, bíi ti ẹni tó ń tajà, sọ fún un pé, "Àsìkò ìsinmi yín ti tó, Ìyá."

Tòun ti òòyà lọ́wọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ọmọ náà gbé orí aláàbọ̀ kiri títí irun náà fi tú fúnra rẹ̀, nítorí kò sí obìnrin kan ní gbogbo àdúgbò náà tó láyà láti bá a parí rẹ̀.

Orí òṣùpá ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní Ìlú Abẹ́-Ọmọrí, níbi tí àwọn èèyàn wa ń gbé lábẹ́ dígí ńlá kan tó bo ìlú mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń bo igbá. Bí ilé-iṣẹ́ tó ni ìlú náà bá gba èèyàn síṣẹ́ láti ayé, wọ́n á fún un ní ìwé iṣẹ́. Ọkọ, aya tàbí òbí tó bá bá a wá, tàbí tó wá wò ó, ìwé alátẹ̀lé ni tirẹ̀. Alátẹ̀lé lè jẹun, ó lè sùn, ó lè mí, ó lè rìn yí ọgbà ká títí ẹsẹ̀ á fi ro ó. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ará ilé rẹ̀, ìbáà ṣe nítorí owó, ìbáà ṣe nítorí oore. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú ìlú ní, ilé tí èèyàn méjì bá ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í pẹ́ rówó ọkọ̀ padà sílé, ilé-iṣẹ́ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sílé.

Alátẹ̀lé tó bá rú òfin, Ilé Ìsinmi ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àpótí dígí, wọ́n á fi òtútù mú un sùn, kò sì ní jí títí ìwé iṣẹ́ ẹni tó tẹ̀ lé wá á fi parí. Ẹni tó bá sùn ní ọ̀dọ́ á jí ní ọ̀dọ́, á wá bá ọkọ tó ti hewú, àti ọmọ tó ti gbàgbé ojú rẹ̀.

Èyí tó ń já àwọn alátẹ̀lé láyà jù ni pé wọn ò mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń rí wọn mú. Kò sí ojú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn nínú ilé wọn mọ́. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ kan ló wà láàárín àwọn. Ọ̀rẹ́ ò gba ọ̀rẹ́ gbọ́ mọ́, ẹ̀gbọ́n ń wo àbúrò tìfura-tìfura.

Ọdẹ́níyì nìkan ló mọ̀. Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń mú wọn.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Dókítà Ọdẹ́níyì, ọmọ Ìgbẹ́tì. Nígbà tó dé òṣùpá, ojú ẹ̀rọ ni ilé-iṣẹ́ ṣì fi ń ṣọ́ àwọn alátẹ̀lé, ojú ọ̀hún sì gọ̀ bí àgùtàn. Bó bá rí obìnrin tó ń dirun, kò mọ̀ bóyá ọmọ tirẹ̀ ni tàbí ọmọ oníbàárà. Ó rí bàbá arúgbó kan tó ń ta ayò, ó ní ó ń gbin ẹ̀wà. Wọ́n ti bàbá mọ́lé tòun ti ọpọ́n ayò.

Ọdẹ́níyì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá lọ bá Alága ilé-iṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ fi ojú sílẹ̀, etí ni kí ẹ lò. Àwọn èèyàn mi kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kí i. Ẹni tó jókòó, wọ́n á kí i kú ìjókòó. Ẹni tó ń sinmi, wọ́n á kí i kú ìsinmi. Ẹni tí wọ́n bá kí kú iṣẹ́, tó sì dáhùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ojú lè ṣì í rí, ẹnu wa kì í ṣì í kí."

Bó ṣe ṣe Agbóhùn-mọṣẹ́ nìyẹn. Ó kéré bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè gbogbo ẹnu ọ̀nà nínú ìlú, wọ́n ní òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ ni. Bó bá gbọ́ ìkíni iṣẹ́ àti ìdáhùn rẹ̀, á wo ẹni tó dáhùn. Bó bá jẹ́ oníwèé iṣẹ́, á tàn ní àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ alátẹ̀lé, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ onírin á sì gbéra. Ọdẹ́níyì mọ̀ pé ẹni tó ń gbá yàrá ara rẹ̀ náà lè gbọ́ kú iṣẹ́. Ó ní òun á tún ibẹ̀ ṣe tó bá yá.

Alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Kí lo fẹ́?"

"Ẹ sọ ìwé alátẹ̀lé ìyàwó mi di ìwé iṣẹ́."

"Ó ti parí. Ó kù ká buwọ́ lù ú. Ìwọ náà, a fi ọ́ ṣe olùtọ́jú ẹ̀rọ yìí títí ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kú."

Inú Ọdẹ́níyì dùn dé ẹ̀yìn. Ta ni kì í fẹ́ iṣẹ́ tí kì í tán? Ṣùgbọ́n "ó kù ká buwọ́ lù ú" yẹn ti wọ ọdún kejì.

Ìbídùn ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tó wà n'Íbàdàn, ẹ̀wù òfurufú ló ń rán, irú èyí tí àwọn awakùsà ń wọ̀ jáde síta Ọmọrí. Nígbà tó dé òṣùpá, kò rí nǹkan ṣe ju kó ká aṣọ fèrèsé, kó tún tú u, kó tún ká a. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà kan pé, "Dókítà, ọwọ́ mi ti ń gbàgbé ara rẹ̀." Lẹ́yìn náà, lójijì, ara rẹ̀ yá. Ó ń kọrin nídìí oúnjẹ. Ọdẹ́níyì wá rí fọ́nrán òwú fàdákà kan lára yẹ̀rì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ẹ̀wù òfurufú, ó sì mọ̀ pé àwọn awakùsà ti ń yọ́ gbé ẹ̀wù tó ya wá bá a láì la ẹnu. Ẹ̀wù tó bá ní ihò tó tó orí abẹ́rẹ́ lásán, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ á hó bí omi ẹ̀kọ níta.

Kò sọ nǹkan kan. Bó bá sọ ọ́, á ní láti sọ ìyókù. Ohun tó ṣe kò ju pé kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Á wọlé bí olè, á jáde bí èéfín. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Dókítà Dákẹ́.

"Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n bí ní Ìgbẹ́tì ni, àbí wọ́n pa yín pọ̀ látinú ẹ̀rọ?" Ìbídùn bi í léèrè lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èèyàn á wà níbi iṣẹ́, ẹ ò ní lè kí i."

"Ọ̀fun ló ń dùn mí."

"Ọ̀fun wo ló ń dun èèyàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, Dókítà?"

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí ìyá Ọdẹ́níyì fi ní òun ń bọ̀ wá wo ìyàwó òun.

Ọdẹ́níyì lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ òfurufú. Kí màmá tó sọ̀kalẹ̀ tán, ó ti kí awakọ̀ kú ọkọ̀ wíwà, ó kí àwọn tó ń gbẹ́rù kú iṣẹ́, ó kí ẹni tó ń nulẹ̀ kú iṣẹ́ kú làálàá. Oníwèé iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké òkè ẹnu ọ̀nà ń tàn bí ewé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, òógùn sì ń ṣàn ní ẹ̀yìn Ọdẹ́níyì.

"Màmá," ló wí nígbà tí wọ́n wọ ọ̀nà abẹ́ dígí, "nínú ìlú yìí, a kì í kí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Ṣé wọ́n ń gbó ni?"

"Afẹ́fẹ́ ló ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń jẹ ẹ́."

"Ìwọ tí o ti ń ṣàlàyé láti àárọ̀, ta ló ń mí fún ọ?" Màmá dúró, ó wò ó. "Ọdẹ́níyì, nígbà tí mo lóyún ẹ, oko ni mò ń lọ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá kọjá á kí mi, mo sì máa ń sọ pé èèyàn méjì ni wọ́n kí. Kí o tó gbọ́ orúkọ rẹ lo ti gbọ́ kú iṣẹ́. Ìwọ lo wá ń kọ́ mi pé kí n pa ẹnu mọ́?"

"Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," ni màmá wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Àyè wà nígbà náà láti sọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí màmá bá mọ̀, Ìbídùn á mọ̀ kí wọ́n tó jẹun tán. Ìbídùn á mọ ẹni tó gbé Ìyá Ìbejì lọ.

"Kò sí nǹkan," ló wí.

Ọkọ̀ ti tètè dé lọ́jọ́ náà, Ìbídùn ò sì tíì retí wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, Ọdẹ́níyì gbé ohùn sókè pé, "Ìbídùn, a ti dé o," kí ìyàwó rẹ̀ lè rí àyè kó ohun tó bá wà nílẹ̀. Ó fẹ́ ṣáájú wọlé, ṣùgbọ́n màmá fi ìgúnpá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ilé ọmọ mi ni mò ń wọ̀, kì í ṣe ààfin."

Ìbídùn gbọ́ ohùn wọn. Obìnrin mìíràn ì bá kọ́kọ́ fi ẹ̀wù pamọ́. Ìyá ọkọ ló dé, òun kò jẹ́ kí ìyá ọkọ bá òun lórí ìdúró. Ó sáré jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ̀wù awakùsà ṣì wà léjìká rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì wà láàárín ìka rẹ̀.

Ọdẹ́níyì dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó fi ìka lé ètè. Ó ń mi orí sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé, pé má dáhùn, má dáhùn. Ìbídùn rí i.

"Háà, ìyàwó mi," ni màmá wí, "o ò tilẹ̀ sinmi. O kú iṣẹ́ o."

Ìyàwó wo ni ìyá ọkọ á kí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó máa wò ó bí ère?

"Òo, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ìlẹ̀kẹ̀ òkè ẹnu ọ̀nà pọ́n.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ onírin ò pẹ́. Wọ́n kọjá lára màmá bí ẹni tó ń kọjá lára àga. "Àsìkò ìsinmi yín ti tó, Ìyàwó," ni wọ́n wí pẹ̀lú ohùn dídùn yẹn. Ìbídùn ò jà. Ó bọ́ ẹ̀wù náà sọ́wọ́ màmá, ó ní, "Ẹ bá mi dì í mú. Ihò kan ló kù lábẹ́ apá." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. "Ẹ ti fi ìka lé ètè kí màmá tó lanu," ló wí. "Ẹ ti mọ̀."

Wọ́n gbé e jáde.

Bí Ọdẹ́níyì ṣe dé ọ́fíìsì Alága, òun gan-an ò mọ̀. Ó bá Alága tó ń mu tíì.

"Ẹ̀rọ náà ṣì í mú," ni Ọdẹ́níyì wí. "Ìyá mi ló kàn ń yọ̀ mọ́ ọn."

"Ìwọ lo sọ fún wa pé ẹnu yín kì í ṣì í kí. Ṣé kò ń ránṣọ ni?"

Ọdẹ́níyì sún mọ́ tábìlì.

"Fọkàn balẹ̀," ni Alága wí. "Kò sí ohun tó máa ṣe é. Á jí lọ́jọ́ tí ìwé iṣẹ́ tìrẹ bá parí." Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó rò ó wò. "Ìwé tìrẹ, títí ẹ̀rọ náà á fi kú ni, àbí? Ìgbà wo ni yóò kú?"

Ọdẹ́níyì di etí tábìlì mú. Ó rántí bó ṣe fọ́nnu nípa rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é: bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá fọ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe; oòrùn ni gbogbo wọn ń jẹ, oòrùn kì í sì í tán.

"Mo ṣe é kó má lè kú," ló wí.

"Iṣẹ́ rere," ni Alága wí, ó sì gbé ife rẹ̀ padà.

Nígbà tí Ọdẹ́níyì padà délé, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí àga Ìbídùn. Ẹ̀wù awakùsà wà lórí itan rẹ̀. Ó ń rán ihò tó kù lábẹ́ apá, díẹ̀díẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kò gbójú sókè.

"Àwọn àjèjì tó ni ìlú yìí," ló wí, "ṣé wọ́n máa ń kí ara wọn lẹ́nu iṣẹ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ta ló wá sọ fún wọn pé àwa máa ń ṣe é?"

Màmá fa òwú, ó so ó ní kókó, ó fi eyín gé e. Ó tún fi òwú tuntun bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí Ọdẹ́níyì kéré, bó bá ti ilé ìwé dé tó bá ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́, orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti ń kí i kó tó béèrè oúnjẹ.

"Ọmọ mi," ni màmá wí, "ìyá ẹ ń ṣiṣẹ́."

Ó dáwọ́ dúró, ó ń retí. Ọdẹ́níyì wo ìlẹ̀kẹ̀ òkè ẹnu ọ̀nà. Ìwé alátẹ̀lé ni wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó fi eyín di ahọ́n mú títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

Màmá mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn. Ó ká ẹ̀wù náà dáadáa, ó gbé e sórí àga. Ó wá dìde wá síwájú ọmọ tó bí, ó di àga mú, ó sì fi orúnkún tó ń ro ó kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà," ló wí.

Ìlẹ̀kẹ̀ ń dúró de ìdáhùn. Ọdẹ́níyì mọ̀ pé bí òun bá dáhùn, á tàn bí ewé ni, ẹnikẹ́ni ò ní wá gbé òun bí wọ́n ṣe gbé Ìbídùn. Ìyẹn gan-an ló dí i lẹ́nu.