Ọmọ Mẹ́fà Láyà Aládìẹ

Etí méjì gígùn ni ọkùnrin aládìẹ kan kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ jáde láyà ọmọbìnrin kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ọmọ ehoro ni, ó ká kò sínú ṣúẹ́tà rẹ̀, ó ń sùn. Ọkùnrin náà, tó wà níwájú lórí ìlà, gbàgbé ohun tó wá rà.

"Ọmọ yín mà rẹwà o," ló wí. "Ṣé bàbá ẹ̀ náà létí báyìí ni?"

"Bàbá ẹ̀ létí jù ú lọ, tiẹ̀ sì ń gbọ́ràn. Látẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ti ń pè yín."

Bọ́rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kóṣù mẹ́rin tó pé, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu Aládìẹ mọ́ láìjẹ́ pé ó gbóhùn Ìyá Ehoro, bó ṣe ń pè é. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ìyá ọmọbìnrin náà ni ò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Agbẹ̀bí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. "Adìẹ ló ń sìn," ló wí. "Ẹyin ló ń kó sínú ẹ̀rọ, tó bá dọjọ́ kọkànlélógún, ọmọ dé. Kò sóyún níbẹ̀, kò sọ́mú, kò sẹ́ni tó gbọ́mọ mọ́ra. Ibo ló ti fẹ́ mọ ìtọ́jú abiyamọ?"

"Màmá, ẹ dán an wò ná."

Wọ́n bá fi ehoro aláboyún kan sílẹ̀ fún un, tìyá tọmọ rìnrìn àjò. Aládìẹ mọ̀ pé bóun bá ṣi èyí ṣe, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ehoro bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu tu irun àyà ara rẹ̀. Àyà Aládìẹ já. Bí adìẹ bá ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀, yòrò ló ń jẹ ẹ́, kí ló tún kù? Ó kó gbogbo irun náà dànù, ó fọ àgò náà títí ó fi ń dán, inú ẹ̀ dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí ìyá àti ọmọbìnrin náà ṣe ń wọlé dé ni ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tán. Ọmọ mẹ́fà ló wà lórí pákó lásán, ìhòòhò, wọ́n tutù, wọn ò fẹ́ẹ̀ mira.

"Ta ló kó irun kúrò?" ìyá béèrè.

"Èmi ni, mà. Mo rò pé yòrò ni."

"Yòrò kẹ̀. Ibùsùn ọmọ ló ń tẹ́. Ohun tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, ó gbọ́dọ̀ wá bára ọmọ ẹ̀ ṣe máa gbóná. Irun yẹn laṣọ tó ní."

Omi ti lé ròrò lójú ọmọbìnrin náà. Ìyẹn ló dun Aládìẹ jù. Kò ṣàwáwí. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa ẹ̀wù dé, ó jókòó sílẹ̀.

"Má mira," agbẹ̀bí wí. Bó ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọ tóṣù wọn ò pé náà nìyẹn, ara sí ara. Ó fi ìborùn tirẹ̀ bò ó.

Oòrùn kan àtàrí, Aládìẹ ò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. Ọmọbìnrin náà wá ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ewu," ló fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Rọra o, ọ̀kan ń fẹnu wá nǹkan láyà mi."

"Ọmú ló ń wá, olólùfẹ́ mi. Kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Agbẹ̀bí sún mọ́ wọn, ó kì ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbóná, wọ́n ń jà gùdù.

"Ó dáa, mo gbà," ló wí. "Dọ̀bálẹ̀, kí n fún ẹ lọ́mọ mi."

Aládìẹ wo ilẹ̀, ó wo àyà ara rẹ̀.

"Ẹ dákun, mà, mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Màá tẹ̀ wọ́n pa."

Ìyá wò ó títí.

"Jókòó jẹ́ẹ́, àna mi," ló wí, ó sì yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ìwọ, lọ jókòó ti ọkọ ẹ."