Ujir Ò Mutí

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọjá Nangso La, oòrùn mú débi pé èèyàn lè yan ẹ̀pà lórí àpáta. Àmọ́ tónítọ̀hún bá ṣèèṣì lọ síbi tí òjìji wà, omi ojú rẹ̀ á dì mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí Thangmar ṣe rí nìyẹn. Abúlé náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọsánmà ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá bí agbo àgùntàn. Nangso La, ọ̀nà tó la àárín òkè yìnyín kọjá, tún wà lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ìgúnnugún máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé.

Harkabir ló ń darí ìrìn àjò náà. Ọmọ ẹ̀yà Rai ni, ará Simle, abúlé kan nísàlẹ̀ níbi tí ọsàn ti ń so. Ẹnu rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní òun ti kọjá Nangso La nígbà ọgọ́rùn-ún, tó bá sì ti mu tíì ife méjì, ọgọ́rùn-ún á di igba. Ó tún ní òun ò mú àlejò lọ síbẹ̀ kí òun padà lọ́nà rí. Òótọ́ nìyẹn, ó sì ń fi yangàn bí ẹni tó joyè.

Òyìnbó méjì ará Jámánì ló ń mú lọ, Bernd àti Ulrike ìyàwó rẹ̀. Alárù méjì ló tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan ni Bhakte, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò tó mẹ́wàá lọ́dún. Ìkejì ni Ujir, àbúrò ìyàwó Harkabir, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ irú òkè yẹn rí.

Ó yẹ kí wọ́n lo odidi ọjọ́ kan ní Thangmar kí ara wọn lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ àwọn òyìnbó ní ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fẹ́ bá, Harkabir sì ní, "Ìsinmi kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn mi?" Bí wọ́n ṣe fo ọjọ́ ìsinmi nìyẹn.

Harkabir ki ìka Bernd bọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ulrike náà. "Ó dáa! Ẹ le bí akọ màlúù onírun!" Ó ti ẹ̀rọ náà bọ àpò. Ìka alárù kẹ̀? Ta ló ń yẹ ìyẹn wò?

Ujir jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ilé àlejò tí wọ́n sùn sí, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Alárù òkè tó bá kọ ìrẹsì, ẹ mọ̀ pé ilé ti ń jó. Ìrẹsì tí Ujir yìí máa ń jẹ ní Simle lè bo ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àna, jẹun," Harkabir ní.

"Kò wọlé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Orí ń fọ́ mi láti àná. Mo ti bì lẹ́ẹ̀mejì."

"Orí? O lórí ni? Mo rò pé ọ̀dùnkún ni wọ́n gbé ka ọrùn fún ẹ!"

Ní Simle, kò sí ẹni tí èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó àbúrò ìyàwó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n á bú u, òun náà á bú ọkọ ẹ̀gbọ́n, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Nítorí náà, ohunkóhun tí Ujir bá sọ fún Harkabir, kó tó parí rẹ̀, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀.

Ujir dìde. Ó fẹ́ jáde, ó forí sọ férémù ilẹ̀kùn. Ó yà sósì, ó ta ìkòkò omi dànù. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó gbé àgbá ọtí kan mì.

"Ẹ wá wò ó o!" Harkabir pariwo. "Àna mi ti fa gbogbo ọtí Màmá mu tán!"

Bhakte rẹ́rìn-ín. Bernd àti Ulrike náà rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ọ̀mùtí ò nílò ògbufọ̀.

Nyima Yangji, Màmá tó ni ilé àlejò náà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òkú tí ìyá arúgbó yìí ti bá wọn gbé sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yẹn pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ.

"Mi ò ta ọtí fún un," ó ní. "Ujir, ọmọ mi, wá síbí. Rìn lórí pákó yìí. Fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà."

Ujir gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Níbi ìkẹta, ó wó lu àpò ìyẹ̀fun.

Harkabir pàtẹ́wọ́. "Ijó yìí dáa!"

"Harka, panu ẹ mọ́! Òkè ló mú un. Tó bá jẹ́ orí fífọ́ nìkan ni, ká ní kó jókòó síbi tó wà, kó má gòkè mọ́ títí orí fífọ́ náà á fi lọ. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti ń ta bí ti ọ̀mùtí, ọpọlọ ti ń wú nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, nísinsìnyí, kẹ́ ẹ má dúró dọ̀la. Kí èèyàn méjì sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí òkè bá mú báyìí, orí rẹ̀ ò pé mọ́. Kò ní mọ̀ pé òun ń ṣìnà."

"Màmá, àìsàn òyìnbó nìyẹn. Ọmọ òkè ni wá."

"Òkè wo? Òkè ọsàn? Àwa tí wọ́n bí síbí gan-an, tá a bá lọ pẹ́ nísàlẹ̀, òkè ń mú wa tá a bá padà dé. Ta ni ìwọ?"

"Ẹ bá a se ọbẹ̀ aáyù, á lọ."

"Aáyù ń mú ọbẹ̀ dùn. Kì í wo ọpọlọ."

Harkabir wo ojú àwọn àlejò rẹ̀, ó wo òkè. Tí èèyàn méjì bá gbé Ujir sọ̀kalẹ̀, ìrìn àjò parí nìyẹn. Harkabir tí kì í padà lọ́nà máa padà, nítorí àbúrò ìyàwó! Ìròyìn náà máa dé Simle ṣáájú rẹ̀.

"Àna," ó ní, "ṣé kí n fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ pé o ti ń sunkún ọmú?"

Ojú ti Ujir. "Mo lè lọ," ó ní. Alárù kì í sọ pé òun ò lè lọ níwájú àlejò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi okùn ẹrù kọ́ iwájú orí, orí tó ń fọ́ yẹn gan-an, ó sì gbé ẹrù tó tó ìdajì ilé.

Wọ́n rìn fún wákàtí méjì. Ujir bì lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi àpáta ńlá kan, ó gbé ẹrù sọ̀ fúnra rẹ̀, ó wo Harkabir bí ẹni tí kò rí i rí.

"Bàbá," ó ní, "ṣé wọ́n ti ká ọsàn tán?"

Bàbá Ujir ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Harkabir.

Bhakte sọ̀rọ̀. "Jẹ́ n mú un sọ̀kalẹ̀."

"Ta ló máa wá gbé ẹrù?"

"Kí ẹrù jókòó síbí. Ẹrù kì í kú."

"Bhakte, àtìgbà wo lo ti di dókítà?" Harkabir tú ẹrù Ujir, ó fi apá kan kún ti Bhakte, ó gbé ìyókù. "Ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ta ló ń sọnù lọ sísàlẹ̀? Wákàtí kan, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Màmá."

Ulrike béèrè pé, "Òun nìkan?"

"Ó mọ̀nà bí ewúrẹ́, màdáámú."

Ulrike wo Ujir, ó wo aago ọwọ́ ara rẹ̀.

Ujir gbé ìṣísẹ̀ méjì, ó dúró, ó yíjú padà. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni ìsàlẹ̀ wà?"

Harkabir ò lè pa á mọ́ra. "Tẹ̀ lé ibi tí ikun imú ẹ bá ń ṣàn sí!"

Ujir rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí bó ṣe yẹ kí àna ṣe nìyẹn. Ó sì lọ.

Àwọn yòókù kọjá Nangso La lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè fá irùngbọ̀n èèyàn láìlo abẹ. Harkabir na ọwọ́ méjèèjì sókè sábẹ́ àwọn àsíá àdúrà tí wọ́n so síbẹ̀, Bernd ya fọ́tò rẹ̀, ó pariwo orúkọ ara rẹ̀ títí òkè fi dá a lóhùn. Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n dé abúlé tó wà lódìkejì, fóònù sì ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó pe Nyima Yangji.

"Màmá, ẹ gbé fóònù fún àna mi, kí n bú u díẹ̀."

"Àna wo?"

"Ujir. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ yín láti àárọ̀."

Ohùn ìyá arúgbó náà yí padà. "Ta lo ní kó tẹ̀ lé e?"

"Òun nìkan ló lọ," Harkabir ní.

Nyima Yangji kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì dìde. Kò jìnnà tí wọ́n fi rí i. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, Ujir ò gba ti Thangmar, ó gba ti àwọn darandaran, èyí tó ń gòkè padà. Ó jókòó lẹ́yìn ògiri òkúta kan. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti bọ́ bàtà kan, ó ká kóòtù rẹ̀ dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn nílé. Ó ti gan.

Kì í ṣe pé èèyàn ò rí i kó tó kú. Àwọn àlejò mìíràn pàdé rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n yà fún ọ̀mùtí, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi fóònù ká a sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wo fídíò náà lẹ́yìn náà: Ujir ń ta síhìn-ín, ó ń ta sọ́hùn-ún, ó nawọ́ sí wọn, ó ń bi wọ́n ní nǹkan kan lédè Rai, àwọn tó ń ká a sì ń rẹ́rìn-ín. Harkabir ní láti jókòó síwájú ọlọ́pàá kó sọ ohun tí Ujir ń bi wọ́n. "Ó ń béèrè ibi tí ìsàlẹ̀ wà," ó ní.

Hẹlikópítà ò wá. Orúkọ àwọn òyìnbó méjèèjì wà nínú ìwé adójútòfò tó ń sanwó hẹlikópítà, orúkọ alárù kankan ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ní kó wà. Òkú tó ti gan bó ṣe jókòó ò ṣeé tẹ́, kò sì wọ apẹ̀rẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ férémù igi tí alárù fi ń gbé ẹrù, Harkabir tó ti padà kọjá Nangso La wá fi okùn kọ́ iwájú orí, ó gbé e fún ọjọ́ méjì gbáko títí dé ibi tí mọ́tò ń dé. Ní gbogbo ọ̀nà, orí Ujir ń kan ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Ìjọba gba ìwé iṣẹ́ Harkabir, ẹjọ́ sì wà ní kóòtù. Àmọ́ kóòtù tó le jù wà ní Simle. Mankumari ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó wo òkú àbúrò rẹ̀, ó wo ibi tí okùn ti bó iwájú orí ọkọ rẹ̀.

"Ta ló gbé e wálé?"

"Èmi ni."

"Láti ibo?"

"Láti Thangmar."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Méjì."

"O lè gbé e lókùú fún ọjọ́ méjì," Mankumari ní. "O ò wá lè gbé e láàyè fún wákàtí méjì?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Harkabir wà níta, ó sì ṣì wà níta títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gòkè, tàbí tẹ́ ẹ bá gba èèyàn láti bá yín ru ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ọjọ́ ìsinmi nítorí ọkọ̀ òfuurufú. Òmíràn máa gbéra lọ́la. Òkè ò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ìka tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ wò, kí ti alárù wà nínú rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ẹni tórí ń fọ́, tó ń bì, tí oúnjẹ ò wọlé fún: kò gbọdọ̀ gòkè mọ́. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá lè gba ojú ìlà kan, tàbí tó ń sọ kántankàntan, ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ rárá. Ìwọ tó o kàn ń kọjá lọ ńkọ́? Tó o bá rí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níbi tó ga bẹ́ẹ̀, má yọ fóònù. Di apá rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ jọ sọ̀kalẹ̀.