Ẹyẹ Orí Òrùlé Ìyá Kékeré

Awakọ̀ jẹun tán, ó bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà díẹ̀, ó ní kó tètè jí òun nítorí èrò ọ̀nà jíjìn tí òun fẹ́ gbé, ó sì wọlé lọ sùn. Nígbà tí ìyàwó fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Kò ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni nílé mọ̀, kò ké, kò tilẹ̀ ti ìrọ̀rí kúrò láyè rẹ̀. Ọkùnrin tó ń dá gbé táyà ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Wọ́n sin ín, àwọn tó wá kí wọn túká, ó wá ku ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ilé náà: ta ló pa á?

Wọn ò béèrè ohun tó pa á o. Ta ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ti ń wo ojú ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

Kò pẹ́ tí ẹyẹ fi dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn, òwìwí kan á ké lẹ́yìn ilé, òmíràn á dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, á sì fò wá bà sórí òrùlé. Òrùlé yàrá Ìyá Kékeré ni nígbà gbogbo. Ìyá Kékeré yìí ni ìyàwó tí bàbá àgbà wọn fẹ́ gbẹ̀yìn. Bàbá àgbà ti kú tipẹ́. Obìnrin náà kò bímọ, kò sì kú, ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì yẹn ti tó lójú àwọn kan. Lẹ́yìn ẹyẹ, ibà mú ọmọ tí Awakọ̀ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ibà, ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Télọ̀, bàbá Awakọ̀ àti olórí ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ abẹ́rẹ́ léraléra. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n dà á lé ẹyẹ lórí.

Ìyàwó Awakọ̀ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Kékeré.

"Ìyá, gbogbo òrùlé ló wà nílẹ̀ yìí. Kí ló dé tó jẹ́ orí tiyín nìkan ló ń bà sí?"

"Bóyá nítorí pé tèmi nìkan ni kò jò," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹyẹ náà ń fẹ́ ibi gbígbẹ."

"Ẹ ti jẹ ọkọ mi tán, ẹ tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Eyín wo ni mo fi jẹ ẹ́?" Ìyá Kékeré lanu gbàràgàdà kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò sí eyín kankan níbẹ̀, pé ẹran gan-an, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ ẹ́.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá kún ìbínú. Bàbá Télọ̀ jáde síta pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ó tó. Ó ní aríran kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí, kí ó di ẹrù rẹ̀ kó lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí gún jù wà láàárín wọn. Ó dúró sẹ́yìn wọn, ó di ife omi mú, kò sì mu ún.

Tísà ni wọ́n ń pè é nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì ló ti ń kọ́ni. Ọmọbìnrin àbúrò Bàbá Télọ̀ ni. Ó ti pàdánù àwọn òbí rẹ̀ láti kékeré, inú yàrá Ìyá Kékeré ló dàgbà sí. Ẹ má jẹ́ kí yunifásítì tí mo dárúkọ dẹ́rù bà yín. Òun ló kéré jù ní ẹ̀ka wọn. Òun ni wọ́n ń fún ní kíláàsì ọ̀sán gangan, òun ni wọ́n ń kó ìwé ìdánwò tí àwọn ọ̀gá ò fẹ́ máàkì fún, àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì sì ti kán lẹ́sẹ̀ kan, búlọ́ọ̀kù ló fi gbé e ró. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run bá a ṣe é, yunifásítì kan lókè òkun ní kó wá lo ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn. Físà ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Mọ́ńdè ni bàálù máa gbéra.

Pásípọ́ọ̀tù ọ̀hún wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Télọ̀, lábẹ́ àwọn òwú, ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Lẹ́yìn ìsìnkú ló ti gbà á. "Ẹni tó mú ọmọ mi kò ní jẹ́ kí bàálù tìẹ balẹ̀," ló sọ. "Tí a bá mọ ẹni náà, o lọ. Tí a ò bá mọ̀ ọ́n, o jókòó sílé. Mi ò ní sin ẹlòmíràn." Omijé wà lójú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, ìyẹn ni Tísà ò fi lè bá a jà.

Ṣùgbọ́n Tísà mọ ẹni tó ń pe ẹyẹ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Òwìwí ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó dárúkọ ẹyẹ náà nílé, Bàbá Télọ̀ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó bi í pé ṣé ẹran mìíràn ò sí nínú igbó ni. Láti ọjọ́ náà, "ohun ẹlẹ́mìí" ló ń sọ pé òun ń kọ́. Báyìí ni wọ́n sì ṣe ń ka òwìwí: èèyàn ò lè fojú wá a, ohùn rẹ̀ lèèyàn á gbé sínú rẹ́kọ́dà, á tẹ̀ ẹ́ kó ké, á jókòó dè é. Ẹyẹ tó bá ni ibẹ̀ á rò pé àjèjì wọ ilẹ̀ òun, á dáhùn, á sì fò wá wò ó. Awakọ̀ nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo ilé. Òun ló ń gbé e lọ sí etí igbó nírọ̀lẹ́, tó ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, tó sì ń bú ẹyẹ náà bí ẹni ń bú ọ̀rẹ́.

Awakọ̀ kú, kò sí awakọ̀ mìíràn tó gbà láti gbé obìnrin lọ sí etí igbó lákòókò tí ilẹ̀ ń ṣú. Ọ̀gá ẹ̀ka sì ní iye ẹyẹ náà kò tíì pé. Tísà bá gbé rẹ́kọ́dà lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá fèrèsé Ìyá Kékeré, ó ní ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹyẹ méjì tí wọ́n ń gbọ́ nínú ilé, ọ̀kan nínú wọn kò ní ìyẹ́, rẹ́kọ́dà ni.

Ẹ wo ibi tó há sí. Tó bá dákẹ́, wọ́n á lé Ìyá Kékeré, wọ́n á sì fún un ní pásípọ́ọ̀tù. Tó bá sọ̀rọ̀, òun gan-an ló ń pe ẹyẹ àjẹ́ wá sílé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ta ló máa fún un ní ìwé kankan? Ó ń rò ó ní kíláàsì títí tó fi kọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú pátákó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o ti gba ìwé rẹ padà?" ni Ọ̀gá bi í ní ọ́fíìsì.

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Díẹ̀ wo? Tí o ò bá lọ, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún. Mo mọ ẹni náà." Ó fi orí júwe ọ̀dọ́kùnrin tó ń máàkì ìwé ní igun yàrá. "Òun náà mọ ara rẹ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ò gbójú sókè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, Ìyá Kékeré wá bá a di àpótí. Ó ń ká àwọn súwẹ́tà tí Tísà rà bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun. Ó mú ìborùn ara rẹ̀, ó fẹ́ kì í sínú ẹrù.

"Kò sí àyè mọ́, Ìyá. Ẹ mú un, ẹ̀yin náà nílò rẹ̀."

"Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ò mọ arúgbó, kò mọ ọmọdé."

Tísà jókòó sórí àpótí. "Ìyá, tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ńkọ́?"

"Màá lọ."

"Síbo?"

"Mi ò tíì mọ̀." Ìyá Kékeré ń gbọn eruku kúrò lára ìborùn tí kò ní eruku. "Ṣùgbọ́n mo ti rò ó. Tí aríran náà bá ti lè tọ́ka sí mi, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Kí ọ̀rọ̀ lè parí kíá, kí Bàbá Télọ̀ lè fún ẹ ní ìwé rẹ kí Mọ́ńdè tó pé."

Tísà fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Ó ti lanu. Ojú ló tì í, ojú tì í débi pé ó dìde lọ ti fèrèsé tí kò ṣí sílẹ̀.

Ó bá dá ọgbọ́n kan. Kò ní tẹ rẹ́kọ́dà mọ́. Tí kò bá sí ohùn, kò ní sí ẹyẹ. Tí kò bá sí ẹyẹ, kí ni aríran máa fi mú ẹnikẹ́ni? Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí, ó tilẹ̀ jẹun dáadáa.

Aríran dé nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ọkùnrin mímọ́ tónítóní ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, fóònù rẹ̀ ò sì yé dún. Wọ́n to àga sí àgbàlá fún un. Ó ní kò sí àròyé, orí òrùlé ẹni tí ẹyẹ bá bà sí, ẹni náà ni. Gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀run tó ń dúdú lọ. Ilẹ̀ ń ṣú, nǹkan kan ò ké. Ọkàn Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Òwìwí náà fò dé láìsí ẹni tó pè é. Ó bà sórí òrùlé Ìyá Kékeré, ó yí ọrùn, ó wo gbogbo wọn, ó wá ké.

Ibẹ̀ ni Tísà ti rántí ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹyẹ tí a bá ń pè níjà sójú kan náà léraléra, á sọ ojú náà di tirẹ̀, á máa wá ṣọ́ ọ bí a ò tilẹ̀ pè é mọ́. Ó ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò rí. Ó tiẹ̀ ti gbé òdo fún àwọn tí kò gbà á.

Aríran na ìka. Ìyàwó Awakọ̀ ti wọ yàrá Ìyá Kékeré, ó ń wọ́ báàgì jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹ fún ọmọ ní ìwé rẹ̀."

Bàbá Télọ̀ wò ó títí. Ó wọlé lọ ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú pásípọ́ọ̀tù jáde, ó nà án sí Tísà. Ọwọ́ Tísà ti kan ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ̀yìn dídán tó ti ń lá àlá rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," ló sọ. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ gbé rẹ́kọ́dà.

Ó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Òwìwí ké láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lórí òrùlé na apá, ó dáhùn tìbínú-tìbínú. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Ìyàwó Awakọ̀. Bàbá Télọ̀ fa pásípọ́ọ̀tù sẹ́yìn, aríran sì ní òun ti ń rí i tẹ́lẹ̀ pé wọ́n pé méjì.

"Èmi ni mo ń pè é," ni Tísà wí. "Iṣẹ́ mi ni. Ìyá ò mọ nǹkan kan."

Ibi tí ohùn ẹyẹ parí sí yìí ló máa ń tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó gbé e kúrò. Ẹ̀rín ńlá kan bú jáde láti inú rẹ́kọ́dà, ẹ̀rín tí gbogbo ilé mọ̀.

"Ó dáhùn! Tísà, kọ ọ́ sílẹ̀. Wo bó ṣe ń bínú bíi Bàbá wa tí oníbàárà ò wá gbé aṣọ." Ẹ̀rín tún wà díẹ̀, lẹ́yìn náà èémí. "Jẹ́ kí n jókòó. Àyà yìí tún ti dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ rí dókítà." Ohùn Tísà nìyẹn.

"Tí o bá ti lọ tán, màá lọ. Má sọ fún wọn nílé o. Ìyàwó mi á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

Rẹ́kọ́dà dákẹ́. Fóònù aríran ń dún, kò gbé e.

"Àǹtí Tísà," ni Ìyàwó Awakọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kó máa gbé yín kiri."

"Mo jẹ́ kó máa gbé mi kiri."

"Ǹ bá gba kọ́kọ́rọ́ náà lóòótọ́." Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

Ìyá Kékeré mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀. "Ìwọ lo ń pe ẹyẹ sí mi lórí," ló sọ fún Tísà. "Mo bá ẹ di ẹrù lánàá, o ń wò mí." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Télọ̀ fa àga sún mọ́ rẹ́kọ́dà. "Tún un tẹ̀," ló sọ níkẹyìn. Tísà tún un tẹ̀. Ó ní kó tún un tẹ̀ sí i, orí òrùlé ń dáhùn, bàbá náà sì di ẹnu mú. Lẹ́yìn náà ó gbé pásípọ́ọ̀tù lé Tísà lẹ́sẹ̀, ó sì gba rẹ́kọ́dà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Máa lọ. Èyí ń dúró."

Tísà ò jiyàn. Ohùn ẹyẹ wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó pọ̀ jù. Ẹ̀rín yẹn ni kò sí níbòmíràn, nítorí pé ó ti gé e kúrò níbi gbogbo. Ó ní ó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni takisí wá gbé e. Kò sí ẹni tó sìn ín jáde àfi Ìyá Kékeré, òun náà ò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Ó gbé ẹrù kékeré sínú ọkọ̀. Ó wá bọ́ ìborùn kúrò léjìká, ó wé e mọ́ Tísà lọ́rùn, ó fún un le díẹ̀.

"Òtútù," ló sọ, ó sì yíjú padà.

Ọkọ̀ ń rọra yí lẹ́bàá ògiri ilé. Ilẹ̀ ń ṣú. Òwìwí kan ké lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, òmíràn sì dá a lóhùn láti orí òrùlé. Tísà yí gíláàsì wálẹ̀, ó dúró de ohun tó kàn. Ẹ̀rín náà dé. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi tí èémí ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹnì kan tẹ rẹ́kọ́dà, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.